Fọ́tò Bọ́ọ̀lù Inú Agolo Bàbá: Ta Ni Yóò Dárúkọ Wọn?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, inú agolo bisikí ló ti wá.

Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá ọ̀kan lára àwọn bàbá wa mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ níhìn-ín ní Ṣábẹ̀, a bá agolo kan lábẹ́ ibùsùn. Ìwé owó-orí àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, àwọn ọmọ sì ti fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dà sórí ààtàn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni a ti rí fọ́tò kan, dúdú àti funfun. Ọ̀dọ́kùnrin mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀: mẹ́fà dúró, márùn-ún lóṣòó, bọ́ọ̀lù wà níwájú wọn, àpáta ìlú wa sì wà lẹ́yìn wọn gbàgàdà. Àwọn kan wọ bàtà, àwọn kan kò wọ̀. A yí i padà, a kò rí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

A mú fọ́tò náà kiri àdúgbò. Àgbà àkọ́kọ́ dárúkọ mẹ́ta. Ìyá kan fi ẹyọ kan kún un. Ní ti àwọn méje yòókù, gbogbo ohun tí a rí gbọ́ kò ju "ojú rẹ̀ jọ ojú tí mo mọ̀" lọ.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí ẹni tó ń rọ́ ìtàn náà bá kú, tí kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, àrọ́bá pàápàá ti bá a lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká yà sí ilẹ̀ òkèèrè díẹ̀, kí a wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti rí nínú irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní baseball, tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Láti nǹkan bí ọdún 1886 ni àwọn oníṣòwò sìgá níbẹ̀ ti ń fi káàdì tó ní àwòrán eléré sínú páálí sìgá, kí páálí náà má bàa tẹ̀, kí ọjà wọn sì lè tà. Láàárín ọdún 1909 sí 1911, wọ́n tẹ ọ̀wọ́ káàdì kan tí àwọn olùkójọ ń pè ní T206. Eléré kan tó ń jẹ́ Honus Wagner wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi dá títẹ̀ tirẹ̀ dúró. Àwọn kan ní òun ni kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé torí àwòrán òun máa ra sìgá. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ owó ló dá a sílẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù láyé. Ní ọdún 2022, ẹyọ kan nínú wọn tà ní mílíọ̀nù 7.25 owó dọ́là.

Èyí tó tún yani lẹ́nu ni ti ilé iṣẹ́ Topps, tó máa ń ta káàdì pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú káàdì tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1952 kò tà. Sy Berger, ẹni tó ṣètò wọn, sọ pé òun kó àwọn tó ṣẹ́kù sínú ọkọ̀ ojú omi, òun sì dà wọ́n sínú òkun ní nǹkan bí ọdún 1960. Lára ọ̀wọ́ yẹn ni káàdì Mickey Mantle wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ẹyọ Mantle kan tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Ẹ̀dà ohun tí wọ́n dà sókun bí ìdọ̀tí ló di iyebíye bẹ́ẹ̀.

A kò sọ ti owó yìí kí ẹ lè máa retí mílíọ̀nù nínú agolo bàbá yín. Ohun tí a rí kọ́ ni pé káàdì wọn ní orúkọ lára. Wọ́n tẹ orúkọ eléré àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ sí i. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún kò ní béèrè pé, "Ta nìyí?"

Àwa kò ní káàdì inú sìgá. Ohun tí a ní ni fọ́tò, tíkẹ́ẹ̀tì, jẹ́sì tí àwọn ọmọ wa ń pè ní maillot, àsíá kékeré tí balógun ẹgbẹ́ méjèèjì máa ń pààrọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àti sítáǹpù ìwé tí a ń pè ní timbre. Bí kò bá sí déètì lára wọn, ìtàn orílẹ̀-èdè wa lè bá wa mọ ọjọ́ orí wọn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni a gba òmìnira lábẹ́ orúkọ Dahomey. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, ìjọba Kérékou yí orúkọ náà padà sí Bénin. Àsíá náà yí padà: ewéko tútù kìkì, pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa ní igun kan. Ní ọdún 1990, àsíá àtijọ́ aláwọ̀ ewé, òfééfèé àti pupa padà dé. Nítorí náà, àsíá kékeré tó ní ìràwọ̀ pupa, láàárín ọdún 1975 sí 1990 ló ti wá. Tíkẹ́ẹ̀tì pápá ìṣeré Stade de l'Amitié ní Kútọnu kò lè ṣáájú ọdún 1982, torí ọdún yẹn ni wọ́n ṣí i.

Sítáǹpù nìkan ni kí ẹ fojú sùn dáadáa. Dahomey tẹ sítáǹpù eré ìdárayá, ti bọ́ọ̀lù sì wà nínú wọn. Nígbà tí orúkọ ìlú yí padà, ọ̀pọ̀ sítáǹpù ṣì wà nílẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò dà wọ́n nù. Wọ́n tẹ orúkọ tuntun tàbí iye owó tuntun lé orí ti àtijọ́, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan nínú wọn ṣọ̀wọ́n gan-an, débi pé àwọn olùkójọ ní Yúróòpù ń wá wọn kiri.

Orúkọ ẹgbẹ́ wa náà ti yí. Ọ̀kẹ́rẹ́, ìyẹn Écureuils, ni wọ́n ń pè wọ́n tipẹ́. Ní ọdún 2022, wọ́n sọ wọ́n di Guépards, torí àwọn kan ní ọ̀kẹ́rẹ́ kéré jù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, ní Íjíbítì, ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré yẹn ta ọ̀mì pẹ̀lú Ghana, Guinea-Bissau àti Cameroon, ó sì fi pẹnárítì lé Morocco lọ sílé ní 4 sí 1, lẹ́yìn tí eré parí sí 1 sí 1. Senegal ló dá a dúró ní ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ra jẹ́sì ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́dún yẹn, ẹ má sọ ọ́ di aṣọ ìnulẹ̀ o. Kò sí irú rẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìhà kejì ààlà. Shooting Stars ti Ìbàdàn ti jẹ́ WNDC rí, ó tún jẹ́ IICC. Orúkọ IICC ni wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1976, lẹ́yìn tí wọ́n borí Tonnerre ti Yaoundé. Ìwé ètò eré tàbí báàjì tó bá ní orúkọ yẹn lára, ẹlẹ́rìí ni.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní ìwé ìròyìn tó kọ nípa wọn. Ti àdúgbò wa ńkọ́? Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje ìsinmi ilé ìwé, tí ìyá wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tó ń hó yèè, fọ́tò inú agolo nìkan ló mọ̀ wọ́n.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta péré ni a ń bẹ̀ yín fún. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kó má bàa yọ sí iwájú. Ẹ má fi báírò kọ ọ́, torí táǹdà a máa ṣàn. Ẹ má fi góòmù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun, kí ẹ sì gbé e síbi tí omi àti ikán kò ní dé. Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ gbé e tọ àgbà lọ lónìí, torí pẹ́ńsù kò lè kọ ohun tí ẹnu kò sọ.

Ní ti fọ́tò tiwa, a ti kọ orúkọ mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀. Ààyè méje ṣì ṣófo. Bí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín bá gbá bọ́ọ̀lù ní Ṣábẹ̀ láyé ìgbà náà, ẹ wá wò ó. Ó lè jẹ́ òun ló lóṣòó sápá ọ̀tún, tó gbé ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù, tó ń rẹ́rìn-ín.