Ìtàn Iná Ojú Fóònù àti Àwọn Tí Kò Fẹ́ Kó Kú

Kí fóònù tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ojú ara ẹni, kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe owó iná ló sì fà á. Gíláàsì ni wọ́n ń dáàbò bò. Ojú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kò yàtọ̀ sí ti tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá. Lẹ́búlẹ́bú kan tó ń jẹ́ phosphor ni wọ́n fi pa inú gíláàsì rẹ̀, òun ló sì máa ń tàn bí ẹ̀lẹ́kítíróọ̀nù bá ti ń lù ú. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wà lójú kan láti òwúrọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́, lẹ́búlẹ́bú ibẹ̀ yóò gbó ṣáájú ti àyíká rẹ̀, àpá ọ̀rọ̀ náà yóò sì máa hàn kódà bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ. Ara ẹ̀rọ tí ń pọ owó ní báǹkì àti èyí tí ń kéde àkókò bàálù ní pápákọ̀ òfurufú ni àpá yìí ti máa ń hàn jù, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé síta nígbà gbogbo.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Atari gbé kọ̀ǹpútà 400 àti 800 jáde ní 1979, wọ́n ti ṣe é pé bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọ̀ ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Èyí tí àwọn òpìtàn máa ń tọ́ka sí jù ni ti John Socha, tó kọ ètò kékeré kan, Scrnsave, fún kọ̀ǹpútà IBM. Ìwé ìròyìn Softalk gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1983. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá kọjá láìsí ọwọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù, ojú kọ̀ǹpútà á ṣú. Ẹni tí ìṣẹ́jú mẹ́ta kò bá tó fún kò ní ohun tó lè ṣe, àfi kó ṣí kóòdù náà, kó yí iye rẹ̀ padà, kó sì tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1989, òkùnkùn náà ti di eré: Berkeley Systems gbé After Dark jáde, nínú èyí tí ẹ̀rọ ìyan-búrẹ́dì abìyẹ́ ti ń fò kiri ojú kọ̀ǹpútà, àwọn èèyàn sì ń fi owó rà á.

Ìdí àkọ́kọ́ kò tíì kúrò nílẹ̀ tí ìdí kejì fi dé. Ní 1992, àjọ tí ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, dá àmì Energy Star sílẹ̀ fún ohun èlò tí kì í jẹ iná púpọ̀, kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀ ni ohun èlò àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní àmì náà. Ọdún kejì rẹ̀ ni VESA, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà fún ojú kọ̀ǹpútà, fi ìlànà kan lélẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi lè pàṣẹ fún ojú rẹ̀ pé kó rẹ iná sílẹ̀ tàbí kó pa á pátápátá. Láti ìgbà náà ni pípa ojú ẹ̀rọ ti di ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, tí àwòrán tí ń fò kiri sì wá di ìfiṣòfò, nítorí iná tí ojú kọ̀ǹpútà ń jẹ nígbà tí àwòrán ń fò kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí èyí tó ń jẹ nígbà iṣẹ́.

Àwọn fóònù àkọ́kọ́ tó tàn kálẹ̀ kò ní ìṣòro ojú tó ń ṣókùnkùn rárá. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, irú fóònù bíi Nokia 3310 ló gbòde. Iná aláwọ̀ ewéko ojú rẹ̀ máa ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ kì í bá iná lọ. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó bá bọ́ sí i ni ó fi ń hàn, kò sì sẹ́ni tó nílò láti máa tẹ ẹ́ kó má baà ṣókùnkùn. Ẹni tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ nínú oòrùn lè má tilẹ̀ mọ̀ pé iná ti kú.

iPhone ti 2007 àti fóònù Android àkọ́kọ́, HTC Dream ti 2008, ló sọ ọ̀rọ̀ di mìíràn. Ojú wọn fẹ̀, ó ní àwọ̀ púpọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni iná ti ń wá. Bí iná yẹn bá kú, kò sí ohunkóhun tí ojú lè rí mọ́. Iná yẹn náà sì wà lára ohun tó ń jẹ bátìrì jù lọ. Ọ̀rọ̀ àpò tún wà níbẹ̀, nítorí ojú tí ìka lè pàṣẹ fún gbọ́dọ̀ wà ní títì kí fóònù má baà máa pe èèyàn fúnra rẹ̀ láti inú àpò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi aago sí i. Bí ọwọ́ kò bá kàn án láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n, tàbí iye tí onífóònù bá yàn, ojú á kú.

Àbùkù aago náà ni pé ọwọ́ nìkan ló ń kà. Ẹni tó ń ka orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń wo ọ̀nà lórí máàpù, ẹni tí ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wo bí wọ́n ṣe ń po kéèkì, gbogbo wọn ló ń lo fóònù láìfọwọ́ kàn án. Lójú aago, wọn kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó ń kọ áàpù ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ọ̀nà àbáyọ. Nígbà tí Apple ṣí App Store ní oṣù Keje ọdún 2008, àṣẹ kan wà nínú ohun èlò tí wọ́n kó fún wọn, idleTimerDisabled, tí áàpù fi lè dá aago náà dúró. Google lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá wakelock sílẹ̀ nínú Android, ìyẹn ìdè tí áàpù lè mú dání kí fóònù má sùn. Orí ètò Linux ni wọ́n gbé Android lé, òfin tí wọ́n sì fi sí i ni pé kí gbogbo ẹ̀rọ náà máa lọ sùn nígbàkígbà tí kò bá sí ẹni tó di ìdè mú. Oríṣiríṣi ni ìdè yìí. Òmíràn ń mú ojú fóònù tàn, òmíràn ń jẹ́ kó rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, òmíràn kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ojú rárá: fóònù á dà bí ẹni tó dijú ṣùgbọ́n tí kò sùn, tí orin á ṣì máa dún nínú òkùnkùn.

Ìdè yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń tọ́jú Linux. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, Arve Hjønnevåg ti Google gbé kóòdù wakelock síwájú wọn pé kí wọ́n gbà á wọlé. Wọn kò gbà. Lójú àwọn kan, ètò tí wọ́n bá kọ dáadáa yẹ kó mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n ń fipá gbé gbogbo ẹ̀rọ sùn. Àwọn ará Android fèsì pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ áàpù, àti pé bátìrì kò lè gbára lé ìwà ọmọlúàbí gbogbo ayé. Ní 2010, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú Linux, kéde pé wọ́n ti yọ kóòdù Android kúrò nínú Linux. Àwọn ará Android yí orúkọ ìdè náà padà, wọ́n tún gbé e wá lọ́dún kan náà, àríyànjiyàn sì tún gùn. Rafael Wysocki, tí òun náà wà lára àwọn tó ń tọ́jú Linux, ló wá ọ̀nà tí tọ̀tún-tòsì lè fara mọ́, ó sì wọ Linux 3.5 ní oṣù Keje ọdún 2012. Ó ṣòro láti sọ pé ẹnì kankan borí, ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń jiyàn, fóònù tó ń lo ìdè náà ń tà.

Ìdè náà sì ní ewu tirẹ̀. Ní 2012, Abhinav Pathak àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue tẹ ìwádìí jáde lórí áàpù tó ń di ìdè mú tí kì í tú u sílẹ̀. Onífóònù á rò pé fóònù òun ti sùn, bátìrì á sì ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́dún kan náà, nínú Android 4.2, Google ní kí áàpù yé fi wakelock mú ojú fóònù tàn. Àmì kan ni kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ewé tí wọ́n ṣí. Bí onífóònù bá ti kúrò lójú ewé náà, àmì á bá a lọ fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló mọ́gbọ́n wá jù, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbàgbé láti tú.

Àwọn mìíràn gbà pé ojú èèyàn ló yẹ kí fóònù máa wò. Samsung Galaxy S III ti 2012 ní ètò kan, Smart Stay, tó ń fi kámẹ́rà iwájú wò ó bóyá ẹnì kan ń wo fóònù kó tó pa iná. Nínú òkùnkùn, kámẹ́rà lásán kì í ríran dáadáa. iPhone X ti 2017 wá ní kámẹ́rà tó ń ríran láìsí ìmọ́lẹ̀, Google náà sì fi ètò bíi Smart Stay sí Pixel 4 ní 2019.

Láàárín àkókò yìí, ojú OLED, tí ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń tan iná tirẹ̀, gba ipò ojú tí iná ń ti ẹ̀yìn wá lára ọ̀pọ̀ fóònù. Àmì tó bá dúdú kì í jẹ iná, Samsung sì fi èyí mú aago wà lójú Galaxy S7 nígbà gbogbo ní 2016. Ṣùgbọ́n àmì wọ̀nyí náà ń gbó. Ní 2017, àwọn tó ra Pixel 2 XL bẹ̀rẹ̀ sí í rí àpá lójú rẹ̀, Google sì fa ìdánilójú fóònù náà gùn di ọdún méjì. Ìdí nìyí tí aago àfihàn-gbogbo-ìgbà fi máa ń sún díẹ̀díẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ìkànnì inú bíráúsà ló pẹ́ jù kí ẹ̀tọ́ láti mú ojú fóònù tàn tó kàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ kí ojú fóònù wà ní títàn lórí ìkànnì rẹ̀ ní láti fi fídíò kékeré aláìlóhùn pamọ́ sínú ojú ewé, kó máa yí lọ láìdúró, nítorí fóònù kì í pa ojú lórí ẹni tó ń wo fídíò. Ẹ̀tàn ni, ó sì ń jẹ bátìrì láìnídìí. Chrome 84 bẹ̀rẹ̀ sí í fi òpin sí i ní oṣù Keje ọdún 2020 nígbà tó gba ìlànà Screen Wake Lock wọlé. Ìkànnì ìdáná Betty Crocker ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Safari gbà á ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Firefox ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ìkànnì gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ kó tó rí i gbà, bíráúsà lè kọ̀ bí bátìrì bá ti ń tán lọ, bí onífóònù bá sì ṣí ojú ewé mìíràn, ìdè náà já nìyẹn, àfi kí ìkànnì tún un tọrọ nígbà tó bá padà dé.