Oníbàárà Agbẹ́gilére: Àpẹẹrẹ Ọyẹ́-Èkìtì, 1947–1954

Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbé yẹ̀ wò nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà Yorùbá: ta ni yóò ra ère tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá gbẹ́? Láyé àtijọ́, ọba, ìjòyè àti àwọn abòrìṣà ni ó ń bẹ agbẹ́gilére níṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀sìn Krístì àti Ìsìláàmù gbilẹ̀, oníbàárà dínkù.

Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahoney dá ilé-iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àrèógún ará Ọ̀sì, ni ọ̀gá agbẹ́gilére níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí, ọmọ agbẹ́gilére láti Ìlá-Ọ̀ràngún, ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀ ni oníbàárà: ó ra ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ère Màríà, àti àwọn amòye tí ó gun ẹṣin bí ọba Yorùbá. A kò sì dá wọn lẹ́kun láti gba iṣẹ́ níta. Ibí yìí gan-an ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọnà wa ń fi sílẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ nìkan kò tó fún akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn kan ní ọnà tí a yọ kúrò nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ti kú. N kò fara mọ́ èyí. Ilé-iṣẹ́ náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1954, ṣùgbọ́n Fákẹ́yẹ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀: ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ó sì gbẹ́ ère Odùduwà fún un ní 1987.