Ìmìtìtì Ilẹ̀ ní Agbègbè Yewa

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009, kí ojúmọ́ tó mọ́, ilẹ̀ mì ní ìhà Abomey-Calavi ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìwọ̀n rẹ̀ lé ní 4. Ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ dé Ìlaró, ó dé Ìmẹ̀kọ, ó sì kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Òde. Ààlà tí àwọn Òyìnbó fà láàárín àwa ará Yewa àti àwọn ará Kétu ní Benin kò dé abẹ́ ilẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, ọdún 1939, ilẹ̀ mì ní Accra, ìwọ̀n rẹ̀ tó 6.5. Ilé wó, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì gbọ́ ọ títí dé Èkó. N. R. Junner, onímọ̀ nípa ilẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé lé e lórí, ó jáde ní 1941.

Irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wa náà ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1964, Jones àti Hockey, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀, tẹ ìwé jáde lórí ilẹ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ibẹ̀ sì ni orúkọ Ìlaró ti di orúkọ ìpele ilẹ̀ kan. Iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun irú ti Ewékorò ló pọ̀ lábẹ́ wa, kì í ṣe àpáta líle bíi ti Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́lé fi èyí sọ́kàn, nítorí ilẹ̀ rírọ̀ máa ń mú kí ìgbọ̀nrìrì le sí i.

Nígbà tó di ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Ṣàgámù àti Abẹ́òkúta. Deborah Ajakaiye, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀, tí iṣẹ́ wọn sì jáde ní 1987. Ohun tí wọ́n ń wá ni ohun tí ìmìtìtì náà lè fi hàn nípa bí àpáta ṣe tò lábẹ́ orílẹ̀-èdè yìí. Lójú tèmi, iṣẹ́ wọn ló ṣe iyebíye jù nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ló ń bi ilẹ̀ Nàìjíríà léèrè ọ̀rọ̀.

Ní ti tsunami, ìgbì ńlá tí ìmìtìtì abẹ́ òkun máa ń gbé dìde, Ìlaró àti Ayétòrò jìnnà sí etí òkun. Kò yẹ kó kó wa láyà sókè.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ wà ní Toro, ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ ohun tí ẹni tó wà nínú ilé rí. Bí ilẹ̀ bá mì, ẹ wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, ẹ dáàbò bo orí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ aago, ibi tí ẹ wà, ohun tó mì àti bó ṣe pẹ́ tó sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo, Àgọ́-Ìwòyè.