Ogun Tí Etí Gbọ́ Kí Ojú Tó Rí I

Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Láti ọdún 1935 tí ìjọba amúnisìn ti ta wáyà rẹdifúṣọ̀n wọ ilé àwọn ará Èkó, tí Ìbàdàn sì tẹ̀lé e ní 1939, ni àpótí kékeré ara ògiri ti ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá a lóhùn. Ẹni tó bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú ló ni òdodo ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, ohùn Ọ̀gágun Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu jáde láti Enugu pé Ẹkùn Ìlà-Oòrùn ti di orílẹ̀-èdè olómìnira tí ń jẹ́ Biafra. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti gba orí rédíò l'Ékòó kéde pé òun ti pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, àti pé ìlú ti bọ́ sábẹ́ òfin pàjáwìrì. Ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Yorùbá tó gbọ́ ìkéde méjèèjì kò tí ì fojú kan ojú ogun rí. Ogun ti dé etí wọn kí ìbọn tó dún.

Ìgbà wo gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀? Àwọn ìwé ìtàn fẹnu kò sí 6 oṣù Keje, nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní Gakem lápá Ogoja, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì tún ń bọ̀ láti ọ̀nà Nsukka. Ṣùgbọ́n Èkó kò pè é ní ogun. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ìjọba Gowon pè é, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ lọ mú ọ̀daràn kan wá sí àgọ́. Enugu ní tirẹ̀ pè é ní ìkọlù orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán, torí òun ló sọ fún olùgbọ́ iye ọjọ́ tí yóò fi mú sùúrù. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, tó tún gbọ́ láàárín oṣù kan náà pé Nsukka àti Bonny ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kò lè ronú kan ọgbọ̀n oṣù.

Ẹni tó bá sì ní rédíò oníbátìrì lè ti Ìbàdàn bọ́ sí Enugu, kó ti ibẹ̀ bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, láìdìde lórí àga. Ohun tó mú un nira láti mọ ẹni tó ń pa irọ́ ni pé ibi iṣẹ́ kan náà ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fún ìhà méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Chinua Achebe ló kọ́kọ́ darí Voice of Nigeria, ohùn tí Nàìjíríà fi ń bá àgbáyé sọ̀rọ̀. Cyprian Ekwensi jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba àpapọ̀. Lẹ́yìn ìpànìyàn ọdún 1966 àwọn méjèèjì padà sí Ìlà-Oòrùn, wọ́n sì gbé ọgbọ́n iṣẹ́ náà lọ fún Biafra. Okokon Ndem wà lórí Radio Biafra, tí àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà ṣì ń dárúkọ rẹ̀ títí dòní.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà láàárín ẹnu àti etí bí ọ̀rọ̀ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 1 oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, níbi ìpàdé àwọn aṣáájú Ìwọ̀-Oòrùn, ó sọ pé bí wọ́n bá fi ohun tí wọ́n ṣe, tàbí ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe, jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn kúrò nínú Nàìjíríà, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó náà yóò dúró síta. "Bí" wà nínú gbólóhùn náà, "jẹ́ kí" sì wà nínú rẹ̀. Ìròyìn kì í ní àyè púpọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìlà-Oòrùn, ó ti di ìlérí: bí a bá lọ, Yorùbá ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìkìlọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kà á sí, pé kí wọ́n má ṣe ti ará ilé jáde. Kò pé oṣù méjì tí Awólọ́wọ̀ fi di kọmíṣánnà ètò ìnáwó lábẹ́ Gowon. Ìhà kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ìhà kejì ní kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Awólọ́wọ̀ kú ní 1987, ẹjọ́ náà kò bá a kú, kò sì sí àsìkò ìdìbò tí kì í tún ṣẹ́ yọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá a, kó kọ́kọ́ béèrè rédíò tí bàbá olùjiyàn ń gbọ́.

Ní Ọjọ́rú, 9 oṣù Kẹjọ, ogun kọjá Odò Ọya. Àwọn ọmọ ogun Biafra gba Asaba wọlé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú wọ́n ti wà ní Bìní. Victor Banjo ló ṣáájú wọn, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìjẹ̀bú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti bọ́ sórí rédíò Bìní, ó ń ṣàlàyé pé kì í ṣe láti ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni ni àwọn ṣe wá. Fún àwọn olùgbọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, èyí yàtọ̀ pátápátá. Ojukwu jìnnà, Banjo jẹ́ ọmọ ilé, ọmọ ogun àjèjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó. Ìgbà náà ni Gowon pa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọlọ́pàá tì, tó kéde ogun àjàkú-akátá. Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró, ibẹ̀ sì ni "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ti wọ ẹnu Yorùbá, títí kan ẹnu ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ọ̀rẹ̀.

Rédíò Bìní ṣì ní iṣẹ́ kan láti ṣe. Ní 20 oṣù Kẹsàn-án, bí àwọn ọmọ ogun Murtala Muhammed ti ń súnmọ́ ìlú, Ọ̀gágun Albert Okonkwo, tí í ṣe dókítà oníṣègùn, kéde lórí rẹ̀ pé Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ti di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti bí orílẹ̀-èdè náà, ibẹ̀ náà ló sì kú sí kí ọjọ́ tó lọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Biafra fúnra rẹ̀ yìnbọn pa Banjo ní Enugu.

Níbo wá ni amóhùnmáwòrán wà? Ìbàdàn ní WNTV láti 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, èyí tí Ìwọ̀-Oòrùn fi ń yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Enugu náà ní tirẹ̀ ní 1960. Síbẹ̀ ilé àwọn lọ́gàálọ́gàá ni ẹ̀rọ náà wà, kò sì sí kámẹ́rà tó lè gbé ojú ogun wá sí pálọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Fíìmù gbọ́dọ̀ rin ìrìn-àjò, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi í hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sọ pé àwọn rántí bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán ń rántí ohun mìíràn: àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú, tí egungun ìhà wọn yọ síta. Àwòrán ọdún 1968 nìyẹn, àwọn òyìnbó ló yà á, ilé àwọn òyìnbó ló sì kọ́kọ́ dé. Ọkàn ènìyàn ló so àwòrán 1968 mọ́ ohùn 1967.

Ojú òfurufú ni àwòrán wọ̀nyí gbà jáde ní Biafra, pàápàá lẹ́yìn tí Port Harcourt ṣubú ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1968, tí kò sí èbúté òkun kankan mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí ọkọ̀ òfurufú ti ń wá ni Libreville, olú ìlú Gabon. Albert-Bernard Bongo, tó gbapò lẹ́yìn ikú Léon M'ba ní ìparí ọdún 1967, ti fọwọ́ sí Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní 8 oṣù Karùn-ún, ọdún 1968. Lóru, ọkọ̀ òfurufú ń gbéra láti Libreville lọ sí Uli pẹ̀lú oúnjẹ àti oògùn. Àwọn mìíràn kó ìbọn láti ọ̀dọ̀ Faransé. Nígbà tí wọ́n bá ń padà, àwọn ọmọ tí ebi àti àìsàn ti bá jà ni wọ́n ń kó. Lójú Èkó, ọ̀tá ni Gabon. Lẹ́nu àwọn oníròyìn Faransé tí àwọn ará Libreville ń gbọ́, ìparun odindi ìran ló ń lọ lọ́wọ́.

Nzeng-Ayong òde òní jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí èrò pọ̀ sí jù ní Libreville. Bí ọmọ Nàìjíríà bá jókòó níbẹ̀ ti àgbàlagbà ará Gabon, tí ọ̀rọ̀ Biafra sì wọlé, kò ní bá ìtàn Gakem tàbí ti Ọ̀rẹ̀ pàdé lẹ́nu rẹ̀, tàbí ẹjọ́ Awólọ́wọ̀. Ìtàn àwọn ọmọdé tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ni yóò gbọ́. Ní tiwọn, ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tí àwa ti ń kà á.

Orí rédíò náà ló parí sí. Ní 11 oṣù Kíní, ọdún 1970, Radio Biafra gbé ọ̀rọ̀ Ojukwu jáde pé òun ń lọ wá àlàáfíà. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni, ẹni tó ni ohùn ti fò lọ. Lọ́jọ́ kejì ni Philip Effiong kéde pé ìjà ti tán. Ní Gabon àti Côte d'Ivoire, àwọn ọmọ bí 5,000 ṣì wà tí wọn kò tí ì délé. Èkó àti àwọn ìjọba méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, títí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé fi bá wọn dá sí i. Ìkóbọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1970. Oṣù Kejì, ọdún 1971 ni èyí tó kẹ́yìn nínú wọn délé.