Ẹni Tí Ó Fi Etí Kọ Orin

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi pe ọ̀rọ̀ méjì yìí: ìgbà, igbá. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò dọ́gba. Ìgbà ni òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Igbá ni a fi ń bu omi. Bí ohùn bá yí padà, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Nítorí èyí ni dùndún ṣe lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìní ẹnu: ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń tẹ̀lé.

Ohùn yìí kan náà ni ó fa ìṣòro nínú ìjọ nígbà àtijọ́. Ní 1846, Henry Townsend àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ C.M.S. wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orin ìsìn wọn ti wá. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú orin náà sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò yí ohùn orin padà. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, orin a gbé e sókè; ibi tí ó yẹ kí ó ti gòkè, orin a rì í mọ́lẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọrin pé "ìgbà àánú dé," tí orin sì gbé ìparí "ìgbà" sókè, "igbá" ni etí yóò gbọ́. Ìyá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí ó wá gba ìtùnú, igbá ni a gbé lé e lọ́wọ́!

Ó rọrùn láti sọ pé àwọn ènìyàn náà ni kò mọ orin kọ. Ẹnìkan wà tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Josiah Jesse Ransome-Kuti ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, tí a bí ní 1855. Ó ṣe olùkọ́ kí ó tó di àlùfáà. Ó mọ orin òyìnbó; síbẹ̀ ó tẹ́tí sí orin tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nínú orin wọ̀nyí, ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ jọ ń rìn bí ọ̀rẹ́ méjì. Ó mú ohùn orin ilẹ̀ wa, ó fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí i.

Ní 1922, ní Lọ́ńdọ́nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó kú ní 1930, ṣùgbọ́n ohùn náà wà títí di òní. Fẹlá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orin, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà kò parun. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 di 1962, ṣe orin ìsìn tí ó bá ohùn Yorùbá mu, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953.

A máa ń rò pé inú ènìyàn ni ọgbọ́n orin ti ń sun jáde, bí omi kànga. Ṣùgbọ́n òjò ní láti rọ̀ wọ inú ilẹ̀ kí kànga tó ní omi. Kí orin tó ti ẹnu Kuti jáde, ó ti kọ́kọ́ gba etí rẹ̀ wọlé. Mo sì rí i pé àánú ni irú ìgbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fara balẹ̀ gbọ́ ènìyàn ti bọlá fún un. Èmi náà jẹ̀bi: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn ń bá mi sọ̀rọ̀, tí ó jẹ́ pé èsì tí n óò fọ̀ ni mo ń wá, tí n kò gbọ́ ẹkún tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá pa rédíò yín lálẹ́ òní, ẹ lọ jókòó ti ẹnìkan nínú ilé: ìyá àgbà, tàbí àbúrò tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ní kí ó kọ orin kan fún yín. Ẹ má tètè gbè é; ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá tẹ́tí, kí ni yóò jó?

Ó dàárọ̀ o.