Ilẹ̀ Tí Kò Ṣeé Fi Dógò: Ìtàn Ẹ̀yáwó àti Ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Ní oṣù Kíní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin Ọọ̀ni, bá ohun kan pàdé nínú ilẹ̀ tí kì í ṣe òkúta. Orí idẹ ni. Wọ́n gbẹ́ síwájú, òmíràn tún jáde, títí iye wọn fi ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ra méjì nínú wọn lọ sí ìlú rẹ̀, kí ó tó dá wọn padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Òmíràn gba ọwọ́ olóòtú ìwé ìròyìn kan kọjá, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

Gbogbo ayé ló mọ àwọn orí wọ̀nyí. Ohun tí ènìyàn kì í sábà bèèrè ni bí ó ti rí fún àwọn tó ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ́ tó kan idẹ, ilẹ̀ ìdílé lásán ni. Láti ọjọ́ náà, ìjọba náà di ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àárín ìlú Ifẹ̀ kàn. Òfin tó dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní ọdún 1953. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ ṣí, nígbà tí Adésọjí Adérẹ̀mí wà lórí ìtẹ́. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó nígbà tí idẹ tún yọjú. Ọba àti ayaba tó fi ọwọ́ kọ́ra wà lára ohun tí wọ́n rí. Ibi tí ilé ì bá wà di ilẹ̀ tí Frank Willett ń fi sùúrù hú. Òfin ọdún 1979, tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀, tún ọ̀rọ̀ náà ṣe le sí i: ẹni tó bá rí ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àjọ náà létí láàárín ọjọ́ méje, ohun tí wọ́n bá sì kéde pé ó jẹ́ ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹni tó ni ín kò gbọ́dọ̀ wó o tàbí yí i padà láìgbàṣẹ.

Kì í sì í ṣe idẹ nìkan. Àpáàdì tí àwọn àgbà fi tẹ́ ilẹ̀ ìlú wà káàkiri abẹ́ ilé àti ojú títì Ifẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pa á láṣẹ kí ẹrẹ̀ má baà ba aṣọ òun jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìṣòro fífi ilẹ̀ yáwó ti pẹ́ ju idẹ Wúnmọníjẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, ẹni tí gbèsè bá wọ̀ kì í fi ilẹ̀ ìdílé dógò. Ènìyàn ni ó ń fi dógò. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ náà ni èlé, owó tí wọ́n yá kò sì ní tìtorí rẹ̀ dín ní kọ́bọ̀ kan. Ó yani lẹ́nu pé ọmọ ẹni ṣeé fi dúró fún gbèsè, kí ilẹ̀ baba ẹni má ṣeé fi dúró. Èrò wọn ni pé ọmọ á padà wálé bí wọ́n bá san owó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan tí yóò fi lè gbé e fún àjèjì: àwọn tó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí ní ìpín níbẹ̀.

Kòkó ló yí i padà. Igi kòkó jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín, ó sì ń mú owó wọlé lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ a fi oko kòkó dógò, olówó a máa ká èso rẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán. Nínú àṣà, irú ìdógò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jù láti rà padà. Ọmọ ọmọ lè wá san owó kí ó sì gba oko. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, kò lè ta ilẹ̀ náà bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Bí ó bá dán an wò, ó lè pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, ó sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Ní Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Mọdákẹ́kẹ́ gbà pé ìṣákọ́lẹ̀ ti kú nìyẹn. Àwọn onílẹ̀ Ifẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó dáná ìjà ọdún 1981. Ọdún 1991 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó sọ nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu pé òfin náà kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lórí àwọn tó ń dáko fún un rẹ́. Ilé ti jó kí ìdáhùn tó dé.

Fún ẹni tó fẹ́ yáwó, abala kejìlélógún òfin náà ló ṣe pàtàkì: kò sí ẹni tó lè fi ilẹ̀ dógò láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ọ̀gbẹ́ni Ajilo fi ilé rẹ̀ ní Èkó dúró fún owó Savannah Bank. Nígbà tí báńkì fẹ́ gbá ilé náà ní gbàǹjo, ó gba ilé-ẹjọ́ lọ pé kò sí ìyọ̀ǹda kankan lórí àdéhùn náà. Òun fúnra rẹ̀ ni òfin sì ní kó tọrọ ìyọ̀ǹda ọ̀hún! Ní 1989, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre. Adájọ́ Obaseki, tó ka ìdájọ́ náà, kò fi pa mọ́ pé òfin yìí yóò ni káràkátà ilẹ̀ àti ilé lára. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, ilé-ẹjọ́ kan náà dẹ okùn díẹ̀: àwọn méjèèjì lè kọ́kọ́ ṣe àdéhùn kí wọ́n tó tọrọ ìyọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba àwọn báńkì. Láti ìgbà náà, C of O àti ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń bèèrè kí owó tó jáde.

Ní Ifẹ̀, ìyẹn túmọ̀ sí pé kí ìwé gba Ìbàdàn lọ, àti láti 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, kó gba Òṣogbo. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ìdílé, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, nítorí ilé-ẹjọ́ ti sọ láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, pé ilẹ̀ ẹbí tí ọmọ ẹbí tà lẹ́yìn olórí kò tà rárá. Òfin ọdún 1992 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú àpò ilé gbígbé orílẹ̀-èdè, kí ó lè yáwó kọ́lé níbẹ̀ pẹ̀lú èlé díẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ baba rẹ̀ lẹ́yìn ààfin yóò dá owó náà lóṣooṣù, kò sì ní rí ìwé tí yóò fi gbà á.

Ibí ni òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti bá òfin ilẹ̀ pàdé. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ire gbogbo ìlú, ilé àti irè oko tó wà lórí rẹ̀ ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ní kí wọ́n san owó lé lórí. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní owó. Báńkì tó yáni lówó lórí pílọ́ọ̀tì tí wọn kò tíì kọ́ nǹkan kan sí, ní ibi tí àpáàdì wà lábẹ́ ilẹ̀, lè bá ara rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń wá láti òkè òkun wá wò ni ayánilówó máa ń sá fún jù.

Ẹni tó bá ń kọ́lé níbẹ̀ á máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀. Bí ọkọ́ bá kan àpáàdì, òfin fún un ní ọjọ́ méje láti lọ sọ. Bí ó bá sọ, iṣẹ́ lè dúró. Bí kò bá sọ, wọ́n á da kankéré lé e kí ilẹ̀ tó ṣú, ògiri á sì dìde lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì.