Aṣọ Ìbora Alábùlẹ̀ Àtijọ́

Aṣọ ìbora alábùlẹ̀ ni ìbora òtútù tí wọ́n fi ègé aṣọ tó ṣẹ́kù rán pọ̀. Ìpele mẹ́ta ló sábà ń ní: ojú rẹ̀ tí wọ́n fi ègé tò, òwú tí wọ́n tẹ́ sí àárín, àti aṣọ ìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ káàkiri, òwú inú á ṣù jọ sí igun kan, òtútù á sì ríbi wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí irú ìbora bẹ́ẹ̀ kì í wo ègé tó gbó jù. Èyí tó dé kẹ́yìn ni yóò wá, torí ìyá àgbà lè tọ́jú àjákù aṣọ fún ogójì ọdún kó tó rán an. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bébà náà ń ṣe ẹlẹ́rìí. Lẹ́tà àtijọ́ àti ìwé ìròyìn ni wọ́n ń gé, tí wọ́n á ṣẹ́ etí aṣọ lé lórí kó lè dúró dáadáa, bébà ọ̀hún sì máa ń wà níbẹ̀ títí di òní nígbà mìíràn. Ọdún 1718 wà lára ọ̀kan tí wọ́n fi sílíkì rán níbẹ̀.

Àwọn ọlọ́lá náà gbà á láṣà. Lẹ́yìn ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Philadelphia lọ́dún 1876, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rán sílíkì àti àrán pọ̀ láìtò ó ní ìlà kankan. Pálọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Púpọ̀ nínú sílíkì ìgbà náà, tí wọ́n ti rẹ sínú èròjà onírin kó lè wúwo, ti ń fọ́ wẹ́wẹ́ báyìí.

Àpò ìyẹ̀fun àti àpò oúnjẹ adìyẹ ni tàwọn tálákà. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ rí i pé obìnrin ń fi àpò ránṣọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òdòdó sí i lára.

Inú oko ẹrú ní Georgia ni wọ́n bí Harriet Powers sí lọ́dún 1837. Ó gé aṣọ sí àwòrán ìtàn Bíbélì, ó rán wọn lé ìbora, ó sì gbé e lọ síbi ìpàtẹ òwú ní Athens lọ́dún 1886. Jennie Smith, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, fẹ́ rà á, Powers kọ̀. Nígbà tí àìrówó dá a lágara, ó ní kí Smith san dọ́là mẹ́wàá. Márùn-ún ló gbà. Ó ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan kó tó fi í sílẹ̀, ó sì padà wá wò ó lẹ́yìn náà bí ẹni tó lọ kí ọmọ tó gbé fún alágbàtọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ni ìbora náà wà lónìí. Èkejì tó rán wà ní Boston. Òjò ìràwọ̀ ọdún 1833, tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i, wà lára rẹ̀.

Ìtàn kan gbayì pé àwọn ẹrú tó ń sá lọ máa ń ka àmì ọ̀nà lára irú aṣọ yìí. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn kò rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ti Gee's Bend ní Alabama kò nílò àsọdùn. Odò yí abúlé náà ká lápá mẹ́ta, Pettway sì ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń jẹ́, orúkọ ẹni tó ni àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú. Ṣòkòtò oko tó ti ṣá, tí orúnkún rẹ̀ ti gbó, ni wọ́n ń gé. Lọ́dún 1942, Missouri Pettway fi aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó kú rán ìbora kan kó lè máa fi rántí rẹ̀. Lọ́dún 1962, nígbà tí àwọn ará abúlé ń sọdá odò lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, àwọn aláṣẹ dá ọkọ̀ ojú omi wọn dúró. Lọ́dún 2002, ìbora wọn dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Houston. Lọ́dún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ mẹ́wàá nínú wọn sórí sítáǹbù; ọdún yẹn gan-an ni ọkọ̀ ojú omi padà sẹ́nu iṣẹ́.